Ẹ̀rù ọ̀nà ò jẹ́ kí n lọ wo ọmọ-ọmọ mi. Ta ni Ọlọ́run ti pàdé lójú ìrìnàjò rí?

Ìyá Adó

Ẹ̀yin ará mi, Èkìtì kete! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó tó oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Mo máa kọ ọ́, mo máa tún pa á rẹ́.

Ọkọ mi kú lójú ọ̀nà lọ́dún tó kọjá. Apá Ìléṣà ni wọ́n ti ń bọ̀, ó ku díẹ̀ kí wọ́n gòkè dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, níbi àwọn kọ́nà tí ẹ mọ̀ yẹn. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì jáde kúrò nínú Adó. Bí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìjìgbò dé Bàsírì, àyà mi á ti máa já. Ọmọbìnrin mi bímọ sí Òṣogbo, ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́rin. Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá a wẹ ọmọ. Èmi tí mo bí ìyá ọmọ, inú fóònù ni mo ti ń wò ó.

Èyí tó wá ń dẹ́rù bà mí ju ọ̀nà lọ ni pé n kò mọ bí a ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run mọ́. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣì wà nínú kọ́ọ̀yà, àmọ́ bí a bá ti ń kọ Orin Dáfídì 121 tí a dé ibi "Olúwa ni olùpamọ́ rẹ", ẹnu mi á kàn dákẹ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ mi ń lọ, a jọ gbàdúrà. A ní kí a má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Mo ṣe àmín, àmín náà dún dáadáa.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé ojú ìrìnàjò ni Ọlọ́run ti dá ìrètí wọn padà. Ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ sọ fún mi. Ibo ni ẹ lọ, báwo ni ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀?

Màmá Ìkọ̀lé

Ẹ kú ara fẹ́ra kù, ìyá mi. Ẹ̀yìn wọn á dára. Mo ka ọ̀rọ̀ yín títí dé ibi àmín, mo sì gbé fóònù sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. N kò ní ìmọ̀ràn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo gbọ́, orúkọ yín sì ti wọ inú àdúrà mi láti alẹ́ òní.

Awakọ̀ Òṣogbo

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ó ti pé ọdún 19 tí mo ti ń wa ọkọ̀ èrò. Adó sí Akúrẹ́ ni mo ń ná tẹ́lẹ̀, Adó sí Òṣogbo ni báyìí. Ọ̀nà tí ẹ ń sọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ ojú ilé bàbá rẹ̀.

Mo ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn bíi yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ di àga ọkọ̀ mú títí ọwọ́ á fi funfun. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó bá sọ pé òun á fi ọjọ́ kan ṣoṣo borí ẹ̀rù, Ìgèdè ló máa ń sọ pé kí n já òun sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ronú Òṣogbo rárá. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ sí Ìyìn lásán. Àsìkò àgbàdo la wà, ẹ ra àgbàdo sísè, ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀, kí ẹ padà wálé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ gba Ìgèdè dé Arámọkọ, kí ẹ yà sí Erìnjìyàn, kí ẹ dé Ìkógósì. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ẹ̀fọ̀n. Ìgbà tí ẹ bá ti dé Ẹ̀fọ̀n tí ẹ padà, Òṣogbo á ti sún mọ́ yín láìjẹ́ pé ẹ fipá fà á.

Ẹ má jókòó síwájú. Ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà ni kí ẹ wà, kí ẹlòmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ sọ fún un pé: "Ọmọ mi, ọkọ mi kú lọ́nà yìí, ẹ̀rù ń bà mí." Dẹ́rẹ́bà tó bá ní ìyá nílé á rọra wà á. Èyí tó bá pòṣé, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ pọ̀ ní gáréèjì. Ẹ wo táyà pẹ̀lú kí ẹ tó di ojú láti gbàdúrà. Bí ó bá ti dán bí orí pípá, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn á ní àìgbàgbọ́ nìyẹn, èmi ò gbà. Ojú tí a fi ń wo táyà, Ọlọ́run ló fún wa. Ẹ gbéra ní aago méje àárọ̀, kí ẹ sì ti padà dé kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀nà wa kì í ṣe ọ̀nà òru mọ́ báyìí, gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Ọkọ̀ mi kú nítòsí Ìtàwúrẹ́ lọ́jọ́ kan, èrò mẹ́rìnlá. Ebi, òùngbẹ, ìbínú. Mo ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, n kò rí nǹkan kan ju ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lọ. Nígbà tó yá, mo rí ẹsẹ̀ kan tí kò wọ bàtà, eruku oko wà lára rẹ̀. Ìyá kan ló ti oko ń bọ̀. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó dá iná, ó sun iṣu, ó pín in fún èrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá pẹ̀lú epo inú ìgò rẹ̀. Nígbà tí mo jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ti fi tèmi sórí ewé. Mo fẹ́ fún un lówó, ó kọ̀ ọ́. Lóṣù yẹn, mo ti ń sọ fún ìyàwó mi pé Ọlọ́run ti gbàgbé wa. N kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bàbá Ìfàkì

Mo kí yín, ọmọ mi. Olùkọ́ Bíbélì ni mí nínú ìjọ wa fún ọdún pípẹ́. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: ẹnikẹ́ni tó bá ní àdúrà yín ni kò lágbára tó, tàbí pé ìgbàgbọ́ ọkọ yín kéré, ẹ má fetí sí i. Pọ́ọ̀lù Àpósítélì gbàdúrà, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sì fọ́ síbẹ̀. Igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin (276) èèyàn ló wà nínú rẹ̀, ìjì ti ń gbá wọn fún òru mẹ́rìnlá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ kọ́kọ́ fò sómi, àwọn ìyókù wà lórí pákó àti àfọ́kù ọkọ̀. Pákó ni Ọlọ́run fi gbé wọn gúnlẹ̀.

Ní ti Orin Dáfídì 121 tó ń pa yín lẹ́nu mọ́: orin arìnrìnàjò ni. Láti 120 títí dé 134, orin ìgòkè ni wọ́n pè é, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Jerúsálẹ́mù láti jọ́sìn. Ọ̀nà olókè ni, olè wà níbẹ̀, oòrùn wà níbẹ̀. Ẹ ṣí i kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, "mi" ni ẹni náà ń sọ: ojú mi, ìrànlọ́wọ́ mi. Láti ẹsẹ kẹta, ó yí padà, ó di "rẹ": ẹsẹ̀ rẹ, olùpamọ́ rẹ, àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Ohùn ẹlòmíràn ti wọlé. Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ arìnrìnàjò náà ló ń sọ ọ́ sí i létí. Ibi tí ẹnu yín ti ń dákẹ́ gan-an ni ibi tí a kò retí pé kí ẹ fúnra yín sọ ọ́. Ẹ mú ẹnì kan dání tó máa sọ ọ́ fún yín. Bí ẹnu yín bá dákẹ́, kò burú.

Ẹ rántí àwọn méjì tó ń lọ sí Ẹ́máúsì pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni pé àwọn ti ní ìrètí tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀ o, ó ti kọjá lójú wọn. Jésù bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn kò dá a mọ̀. Kò kọ́kọ́ wàásù. Ó bi wọ́n pé kí ni ẹ ń sọ bí ẹ ti ń rìn, ó sì jẹ́ kí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ tán. Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ, ẹ má fi ẹnu jẹ́ akíkanjú. Ẹ rò ó fún un bó ṣe rí.

Àwa ọmọ Èkìtì gan-an, ẹsẹ̀ ni ìhìnrere fi wọ ilẹ̀ wa. Ogun Kírìjì, láti 1877 dé 1893, àti àwọn ogun tó ṣáájú rẹ̀ fọ́n àwọn baba wa ká, wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ. Nínú àwọn tó padà wálé, àwọn kan ti gbọ́ nípa Jésù lókèèrè. Ọ̀nà tí wọ́n fi okùn fà wọ́n gbà lọ, òun náà ni wọ́n gbé Bíbélì gbà bọ̀. Mo máa ń ronú sí i tí omi á fi bọ́ lójú mi.

Ọ̀dọ́ Ìkẹ́rẹ́

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Ṣé ìrìnàjò wá pọn dandan ni? Jésù sọ fún obìnrin ará Samáríà pé kì í ṣe orí òkè yìí, kì í sì í ṣe Jerúsálẹ́mù ni wọn yóò ti máa sin Baba. Ọlọ́run wà nínú yàrá Màmá ní Adó. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ máa wá Ọlọ́run káàkiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù.

Bàbá Ìfàkì

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi, inú mi dùn pé o mọ ìwé náà. Padà sí ẹsẹ kẹfà orí yẹn kan náà, Jòhánù orí kẹrin. Àárẹ̀ ìrìnàjò ti mú Jésù, ó jókòó sẹ́bàá kànga ní ọ̀sán gangan. Ojú ọ̀nà ló ti sọ ọ̀rọ̀ tí o mú wá yẹn, fún obìnrin tó wá pọnmi. Màmá kò wá Ọlọ́run kiri. Wọ́n ní ọmọ-ọmọ kan ní Òṣogbo.

Ọ̀dọ́ Ìkẹ́rẹ́

Mo gbà bẹ́ẹ̀, sà. Màmá, ẹ forí jì mí. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ sí Ìyìn, mo lè wá láti Ìkẹ́rẹ́ kí n tẹ̀ lé yín.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Ẹ má gba ààwẹ̀ kí ẹ tó rìn, pàápàá bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jẹun díẹ̀, ẹ lo oògùn yín lákòókò, ẹ mú omi dání. Bí àyà bá ń lù kìkì, ẹ mí sínú rọra, kí mímí síta gùn ju ti inú lọ, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ẹ kò bá rí oorun sùn lóru, tàbí tí ìjàǹbá náà ń padà sí yín lójú àlá, ẹ lọ rí dókítà. Nígbà tí Èlíjà ní kí ẹ̀mí òun lọ, áńgẹ́lì kò bá a wí. Ó fún un lóúnjẹ, ó jẹ́ kó sùn, ó tún jí i fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ọ̀nà náà jìn. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn aláìsàn mi.

Ìyàwó Erìnjìyàn

Ìkógósì tí Awakọ̀ dárúkọ, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e, torí mo lọ síbẹ̀ nígbà tí oyún mi bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. N kò lọ wá ìwòsàn, ẹ jẹ́ kó yé yín. Mo kàn fẹ́ kúrò nílé tí gbogbo èèyàn ti ń wo ikùn mi.

Omi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù. Níbi tí èyí tó gbóná ti ń sun jáde, ó tó bí 70°C. Ó ń ṣàn bọ̀ láàárín igi, títí tó fi pàdé èyí tó tutù, wọ́n sì jọ ń lọ. Bí ẹ bá kì ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ níbi ìpàdé, ẹsẹ̀ ọ̀tún yín lè wà nínú lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ti òsì wà nínú tútù. Mo dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ìgbà tí oyún kejì ti bàjẹ́, mo ti ń rò pé bí mo bá ṣì ń sunkún, a jẹ́ pé n kò gba Ọlọ́run gbọ́. Mo wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì nínú omi yẹn, mo sọ fún Ọlọ́run pé: inú ń bí mi sí Ọ, mo sì fẹ́ràn Rẹ. Èmi ìbá má lọ síbẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ẹnu mi ìbá lè sọ ọ́.

Àwọn míṣọ́nárì Bàbtíìsì ló kọ́ àgọ́ síbẹ̀ láyé ọjọ́un, láwọn ọdún 1950, kí ìjọba tó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́. Àwọn tó wá gbàdúrà níbẹ̀ ṣáájú wa pọ̀. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, lọ́jọ́ tí ariwo kò sí. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, òkúta ibẹ̀ máa ń yọ̀.

Màmá JP Ọ̀mùò

Ọlọ́run fún mi láǹfààní láti lọ sí Jerúsálẹ́mù, òun ni wọ́n fi ń pè mí ní JP. Mo sọ èyí torí àwọn kan máa sọ fún yín pé àfi kí ẹ dé ọ̀hún. Ẹ má yáwó lọ o. Ìlú náà dára, mo kúnlẹ̀ nínú ọgbà Gẹtisémánì, mo fọwọ́ kan igi ólífì tó ti gbó, mo wọ ọkọ̀ lórí omi Gálílì tó jẹ́ pé adágún omi dídùn ni, kì í ṣe omi iyọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí omijé ti bọ́ lójú mi, àtẹ̀gùn ni. Orúnkún mi kọ̀, àwọn màmá méjì láti Ọyẹ́ tí n kò mọ̀ rí gbá mi mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọ̀kan ń sọ pé "ìyá, ẹ rọra, a ò yára." Irú àwọn màmá bẹ́ẹ̀ wà ní Èkìtì ńbí.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ìyá Adó, ìlú wa ni ẹ ń bẹ̀rù yìí. Ó dùn mí. Mo fẹ́ kí ẹ wá.

Ẹ mọ̀ pé Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin Àpósítélì Ayọ̀ Babalọlá, ajíhìnrere ìjọ Christ Apostolic Church (CAC), sí. Òṣìṣẹ́ ojú títì ni wọ́n, ẹ̀rọ tí ń tẹ títì ni wọ́n ń wà. Ní oṣù October 1928, lọ́nà Ìléṣà sí Akúrẹ́, ẹ̀rọ náà kú mọ́ wọn lọ́wọ́, kò sì gbà láti tún ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n jẹ́rìí pé àwọn ti gbọ́ ohùn tó pe orúkọ àwọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní 1930, gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ti ń wọ́ lọ bá wọn ní Òkè-Oyè ní Ìléṣà. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní July 1959. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú sí ojú ọ̀nà ni Ọlọ́run bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn láti kékeré, àmọ́ ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n tún un gbọ́.

Bí ẹ bá dé, mo máa pàdé yín ní ibi tí ọkọ̀ ti ń já èrò. Ìyá mi á gúnyán. A lè lọ sí ibi ibojì bàbá, a sì lè má lọ, bó bá ṣe wù yín. Nǹkan kan ni mo bẹ̀ yín: bí ẹnikẹ́ni bá pàdé yín lọ́nà, tó ní òun rí ọwọ́ ayé nínú ikú ọkọ yín, tó ní kí ẹ mú owó wá fún òróró tàbí àkànṣe àdúrà, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni wọ́n máa ń wá kiri.

Ìyá Adó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti lọ sí Ìyìn. Ọ̀dọ́ Ìkẹ́rẹ́ mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. A jẹ àgbàdo. Ara mi gbọ̀n ní àlọ, kò gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ ní àbọ̀.

Ìyá Adó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé kẹ́yìn. Mo ti dé Ìkógósì pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin. Mo kì ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi bí Ìyàwó Erìnjìyàn ṣe ní. N kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹkún ni mo sun. Àbúrò mi ka Orin Dáfídì náà sí mi létí láti ẹsẹ kẹta, mo gbọ́ ọ.

Mo sì ti dé Ẹ̀fọ̀n. Mo jẹ iyán níbẹ̀. N kò lọ sí ibojì, mi ò tíì lè wo ibojì kankan. Ìyá Ọmọ Ẹ̀fọ̀n kò bi mí ní ìbéèrè kankan, wọ́n kàn ń bu ọbẹ̀ sí i fún mi.

Awakọ̀ Òṣogbo

Ìyá wa, ọjọ́ tí ẹ bá ṣe tán, ẹ pè mí. Mo máa fi àyè ẹ̀yìn mi sílẹ̀ fún yín.

Ìyá Adó

Òṣogbo ni mo wà.

Àárọ̀ àná la gbéra, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Awakọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún mi wò, ó fọwọ́ kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níṣojú mi bí ẹni ń kí ọmọ. Àbúrò mi wà lápá òsì mi. Nígbà tí a kúrò ní Ẹ̀fọ̀n tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, mo di ojú. Ọkọ̀ ń rọra lọ, ó ń rọra yí. Kò ṣeé ṣe láti dúró níbẹ̀, kọ́nà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibẹ̀, Awakọ̀ fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gùn. Èrò kankan kò béèrè ìdí. Mo la ojú. Koríko ló hù síbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, òjò ti rọ̀ sí i. Mo pe orúkọ ọkọ mi. Àbúrò mi ní, "Olúwa yóò pa àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ mọ́." Mo ní àmín. Àmín àkọ́kọ́ tí mo ṣe láti ọdún tó kọjá nìyẹn, tó ti inú mi wá.

N kò tíì mọ ìdí tí Ọlọ́run fi jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń bi Í, n kò sì ní yéé bi Í.

Ọmọ náà jọ bàbá rẹ̀ àgbà ní iwájú orí. Mo wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí, mo fi ọwọ́ na ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fi òrí pa á lára. Ó ti sùn lórí itan mi báyìí. Ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ èyí, ẹ má wo àṣìtẹ̀ tó bá wà níbẹ̀.